Ojúlé Keje

Ojúlé keje ní Ìjẹmọ̀
kì í ṣe ojúlé keje ní Ìkìjà.
Ẹ̀gbá ti mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé:
ìlú púpọ̀ ló kó ara wọn jọ sábẹ́ òkúta kan,
kálukú ń ka ilé tirẹ̀ láti oókan.
Ẹ̀rọ nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ṣùgbọ́n Olúmúyìíwá, ọmọ iṣẹ́ mi,
kọ "méje" sínú lẹ́tà,
ó fi ránṣẹ́ sí ètò kejì,
ó ní òun ti fún un ní fáìlì.
Nọ́ńbà dé. Ilẹ̀kùn ò bá a dé.
Ètò kejì wo méje tirẹ̀,
ó bá ìwé gbèsè àwọn oníbàárà ní ṣíṣí níbẹ̀,
ó da ìròyìn ojú ọjọ́ lé e lórí.
Gbèsè Àlájà Mùíbátù di òjò díẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Aago mọ́kànlá alẹ́, Adátán,
yàrá wa lókè ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà,
iná ti lọ, bátìrì kù díẹ̀.
Mo ní: má fi orúkọ ránṣẹ́, nǹkan gan-an ni kó o fi ránṣẹ́.
Gbé e lé èkùrọ́ lọ́wọ́,
èkùrọ́ inú ẹ̀rọ, tó wà nínú èèpo líle.
Òun ni yóò la ilẹ̀kùn kan náà
sínú ilé ẹni kejì,
òun ni yóò fún un ní nọ́ńbà tuntun.
Ó lè jẹ́ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ mọ́kàndínlógún.
Má bi í léèrè ìdí.
Tó o bá ti fi ránṣẹ́ tán, ti tìrẹ.

Ó ṣe é. Ó fò sókè.
Síbẹ̀, ètò tó ń kàwé lẹ́nu páìpù ò dìde.
Ó ti ka gbogbo rẹ̀ tán, ó ṣì ń retí,
bí ẹni gbé korobá sídìí ẹ̀rọ omi ní Ìta-Èkó
tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún pé omi ti tán.
Bí ọwọ́ kan ṣoṣo bá ṣì di páìpù mú lókè,
a ò ní gbọ́ "ó parí" nísàlẹ̀.

A wá a. A wá a. Aago méjì kọjá.
Ọmọ ni. Ọmọ tí òbí bí láàárọ̀,
tó jogún gbogbo ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí,
tó wá para dà, tó gbàgbé ẹni tó ti jẹ́,
ẹnu páìpù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.
Kò mọ̀ pé òun dì í mú.
Àmì kékeré kan la ò fi sí i:
lọ́jọ́ tó o bá para dà, tú u sílẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Olúmúyìíwá na kọ́kọ́rọ́ sí mi,
ó ń lọ sùn l'Ókè-Ẹ̀jìgbò.
Mo gbà á. Mi ò tíì kì í bọ àpò
tí mo fi bi í pé
èyí tó o gé ní Kútọ̀ lóṣù tó kọjá ńkọ́?