Ohun Tó Ń Dún Nínú Pijó Tíṣà

Tíṣà Ọ̀ṣínúgà wọlé láàárọ̀ Mọ́ńdè,
kò tíì dáhùn ìkíni mi tó fi ní,
"Báṣírù, ọkọ̀ mi ń bá mi sọ̀rọ̀."
Kí ló ń sọ, sà?
"Kóń, tí mo bá já kòtò.
Kírín, tí mo bá ṣẹ́ kọ́nà sí ọ̀nà Èjìnrìn.
Lórí títì tó dán, kò ní fọhùn,
bí ọmọ tí kì í sunkún àfi tí àlejò bá wà nílé."

Pijó funfun, ọdún márùndínlógójì lójú títì.
Ìjókòó rẹ̀ ti ya, ilẹ̀kùn kan ni wọ́n fi okùn dè,
ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí,
bí àgbàlagbà tó yó tó ń sùn lábẹ́ igi àgbọn.

Mo fi jáàkì gbé e.
Mo mi ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo mi tòsì,
mo fi etí lé ilẹ̀kùn bí ẹni ń yọ́ gbọ́rọ̀ aládùúgbò.
Ṣọ́kì kò jò. Sàlẹ́ńsà dúró gbọn-in.
Mo pààrọ̀ búṣì méjì, owó Tíṣà lọ,
ó wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó já kòtò:
kóń.
Ojú tì mí bí ẹni tó pe ọmọlúàbí ní olè.

Lọ́jọ́ kejì mo ní kó wà á, kí n wọ búùtù.
Èmi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
mo ká bí ẹja àrọ̀ tí wọ́n fẹ́ yan.
A kọjá níwájú ọjà Olúwo, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà,
wọn ò mọ̀ pé Ọ̀gá Báṣírù ló wà nínú òkùnkùn yẹn,
tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ohùn.
Kóń. Kì í ṣe abẹ́ mi.
Kírín. Apá òsì. Kò jìnnà.
Kì í ṣe ara irin. Inú irin.

Mo tú kápẹ́ẹ̀tì. Ìpẹtà ti jẹ ihò kan síbẹ̀,
kò fẹ̀ ju ẹnu ife lọ. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.
Ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ewé. Kọ́bọ̀ kan tí kò lè ra nǹkan kan mọ́.
Lẹ́yìn náà, irin tútù kan
tó mọ ọwọ́ mi kí n tó mọ̀ ọ́n.

Sípánà mẹ́wàá.
Okùn pupa tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ti dúdú.

Ọdún kẹsàn-án rèé
tí mo pe Ṣàkírù síwájú ẹgbẹ́ rẹ̀:
sípánà mi dà?
"Ọ̀gá, mi ò mú un."
Mo ní ojú olè ni ojú rẹ.
Ó ku oṣù mẹ́rin kó ṣe fírídọ̀mù,
ìyá rẹ̀ ti ń dá àjọ owó àsè.
Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a bí ẹni ká ẹní ìrun,
ó gbé e lé orí táyà, ó lọ.

Iná ẹ̀yìn Pijó yìí ni mo ń tún ṣe lọ́jọ́ náà.
Mo ti wá rántí. Mo ń jẹ ẹ̀pà, ọwọ́ mi ń yọ̀.
Ẹrẹ̀ ló di sípánà mú látìgbà yẹn,
ẹ̀rùn tó kọjá ló tú u sílẹ̀.
Ìyá mi a máa sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ olè, ọ̀kan ni;
ti ẹni tó sọ nǹkan nù, kò lóǹkà.

"Ṣé o ti rí i?" Tíṣà ló ń bèèrè.
Mo ti rí i, sà.
"Kí ni?"
Mo wolẹ̀. Mi ò gba owó.

Wọ́n ní Ṣàkírù ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe l'Éjìnrìn,
pé ó ti lọ́mọ mẹ́ta.
Láti àná, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọ aṣọ ìrìn àjò,
ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bọ́ ọ.
Sípánà wà lápò mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé.
Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ báyìí,
kírín.