Iná Tí A Fi Lé Òkété

Ojúgun ni àdá ti ha bàbá mi,
níbi tó ti ń fọ́ kòkó lọ́nà Ìgbindó.
Ọgbẹ́ tí kò gùn tó ìka ọmọdé.
Ó fún ewé akíntọ́lá sí i,
ó so àkísà mọ́ ọn, ó ní kò sí nǹkan.

Lọ́jọ́ kẹrin a gbé e wọ Oǹdó,
ilé ìwòsàn ọ̀nà Lájé.
Ara rẹ̀ gbóná bí agbada tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó gààrí kúrò nínú ẹ̀,
ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́
bí ẹni tó gun òkè Ìdànrè láìsinmi.

Mo bi Dókítà Akínrùlí:
ṣé kòkòrò náà wá lágbára tó báyìí ni?
Ó mi orí. Ó ní kòkòrò ti ń kú láti àná.
Àwọn tó ń wó ilé lọ́wọ́ báyìí,
ọmọ onílé ni wọ́n.

Ó ní èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀
tí ara fi ń ké síra wọn: Olè dé! Ẹ jáde!
Iṣan a sì ṣílẹ̀kùn kí àwọn ọmọ ogun kọjá.
Igbe kan, igbe méjì, ìyẹn dára.
Ṣùgbọ́n bí igbe bá ń bí igbe,
tí ojúlé tí kò rí olè náà ń pariwo,
gbogbo ilẹ̀kùn a ṣí sílẹ̀ gbayawu,
omi a jò sínú ẹ̀dọ̀fóró,
ẹ̀jẹ̀ a dì níbi tí kò yẹ kó dì,
kíndìnrín a dákẹ́.

Èmi náà dákẹ́.
Mo mọ ìtàn yìí.

Ọdún tí mo wà ní Fọ́ọ̀mù Tú,
bàbá mi yìí kan náà ló tanná sẹ́nu ihò òkété.
Òkété kan ṣoṣo.
Ọyẹ́ já iná gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
Igba igi kòkó,
tiwa, àti ti Bàbá Akinnádé tí a jọ pààlà,
dúdú títí dé etí odò.
Òkété náà kú lóòótọ́.
Kò ṣeé jẹ.

Ẹ má bú iná ṣá. Òun náà ló ń se iṣu wa.

Aago mẹ́rin òru. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé
gbé àpò ìtọ̀ sókè wò síná,
ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò wojú mi.
Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá mi. Ó tutù.
Mo rọra ṣí báńdéèjì ojúgun wò.

Ọgbẹ́ náà ti ń jinná.