Àkọ́yọ́ Òjé

Ìkòkò tí o bá fi yọ́ òjé, kò tún padà sí ààrò ọbẹ̀ mọ́.
Ohun tí Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ sọ nìyẹn,
kí ó tó jókòó, kí ó tó gba omi lọ́wọ́ mi.
Mo sì ti jí ìkòkò kékeré ìyá mi gbé,
èyí tí ó fi ń se ọbẹ̀ ilá, tí etí rẹ̀ kan ti kán.
Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."
Mo dákẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu, lábẹ́ igi ìṣin.
Ọyẹ́ ń fẹ́, erùpẹ̀ pupa ń dún láàárín eyín.
Òjé tí mo kó jọ kò tó nǹkan:
ìdajì garawa lọ́dọ̀ Bàsílì tí ń lẹ táyà lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀,
àwọn wóró wúwo tí wọ́n ń há mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀
kí ó má baà máa gbọ̀n.
Ó bi mí bóyá àwọ̀n ẹja ni mo fẹ́ fi wọ́n sí.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Odò wo ló wà ní Kétu?
Àwa tí à ń fowó ra omi mímu lẹ́ẹ̀rùn!

Ṣakabùlà bàbá mi ṣì wà lára ògiri.
Ẹlẹ́dẹ̀ igbó mẹ́tàlá ló ń tú ebè wa.
Kò sí ọkùnrin nílé. Ọdẹ́jìnmí kò bi mí ní ìdí.

Òjé kò yára bí òrí, kò lọ́ra bí irin;
ó kàn jókòó sínú ìkòkò
bí àlejò tí kò fẹ́ jẹun,
àfi lójijì tí eékún rẹ̀ yẹ̀,
ó di omi, ó ń wò mí bí díńgí.
"Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀yìn rẹ bọ̀.
Nu òógùn iwájú rẹ.
Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, á fò sókè, á wá ojú rẹ rí."
Ó yí ojú òsì rẹ̀ sí mi kí n wò ó.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkúta méjì ni bàbá mi gbẹ́,
wọ́n pàdé bí àtẹ́lẹwọ́, ihò kan láàárín.
Mo da àkọ́kọ́: ó hunjọ bí ojú arúgbó.
Mo da èkejì: ìdí rẹ̀ kò kún.
Ẹ̀kẹta, mo ti ń rẹ́rìn-ín,
Ọdẹ́jìnmí yí i wò lórí àtẹ́lẹwọ́ tó le bí èèpo igi,
ó sọ ọ́ padà sínú ìkòkò.
"Òkúta rẹ ló tutù. Má tijú.
Òjé kì í bínú, ibi tó ti wá náà ni yóò padà sí."

Nígbà tí mẹ́rin fi jọ ọta, òjé tán.
Mẹ́rin. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́tàlá.

Mo wọlé.
Nínú igbá, lábẹ́ aṣọ funfun,
òjé ọwọ́ Efúnlẹ́yẹ, ìyá bàbá mi.
Wọ́n ní òjé tí òrìṣà bá fi sí ni lọ́wọ́,
kò sẹ́ni tí í bọ́ ọ.
Ikú bọ́ ọ, nígbà òjò tó kọjá.
Mo gbé e lé ọwọ́: ọta márùn-ún, bóyá mẹ́fà.
Mo ti ṣírò rẹ̀ tán kí ojú tó tì mí.

Mo gbé e jáde síbẹ̀síbẹ̀.
Ọdẹ́jìnmí wò ó. Kò bú mi.
Ó kàn fi àkísà di ìkòkò mú,
ó gbé e kúrò lórí iná.

Ibẹ̀ ni ìyá mi bá wa, igi ìdáná ṣì wà lórí rẹ̀.
Ó wo ọta mẹ́rin lórí iyanrìn.
Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi,
ó gbà á, ó tì í bọ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀,
ó wọlé wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń lọ tẹ́lẹ̀.
"Lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ dé ìgúnpá
kí o tó gbé ọmọ rẹ."
Lẹ́yìn náà ló rí ìkòkò.
Ó bi mí, pẹ̀lú ohùn tí kò ga rárá,
kí ni mo rò pé a óò fi se ilá lálẹ́ yìí.