Ẹni Tí Ẹ̀rọ Ń Bèèrè Ọ̀nà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún.
Mo kà á lórí ìka
kí ojú ìwé kan ṣoṣo tó là lójú kọ̀ǹpútà yìí,
ní ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́bàá Ìdèná, ní Kétu.
Ọjọ́ èsì ìdánwò ni.
Àwọn ọmọ tó tò síta ti jẹ ẹ̀pà tán, wọ́n ń jẹ èékánná.
Ìyá kan tó ti Ìlárá wá
ní, "Ṣé ẹ̀rọ yín ń sùn ni?"

Mo ti ra dátà kún dátà.
Wọ́n ní kí n ju Línúùsì nù, kí n ra Wíńdò bí ọmọ ènìyàn.
Mo ní rárá. Adékanbí ló gbé e sí i.
Ìka rẹ̀ ló pa lẹ́tà A rẹ́ lójú bọ́tìnnì.

Lálẹ́, kí iná tó lọ,
mo ṣí fèrèsé dúdú tí a fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ láìsí àwòrán.
Mo fi nọ́ńbà pe ilé kan lókè òkun:
ó dáhùn kí n tó ṣẹ́jú.
Mo fi orúkọ pe ilé kan náà:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún,
kó tó jẹ́ mi.

Kì í ṣe ọ̀nà ló jìn, nígbà náà.
Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló wúwo.
Ẹni tí a ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò fọhùn.

Nítorí kọ̀ǹpútà ò mọ ilé ẹnikẹ́ni.
Orúkọ la fún un, nọ́ńbà ló ń tọ̀.
Kó tó jáde, á kọ́kọ́ ké "Àgò o!" sí ẹni tó mọ ìlú:
níbo ni ilé lágbájá wà?
Ojú ìwé kan lè bèèrè bẹ́ẹ̀ nígbà ogún,
tìtorí àwòrán kan, tìtorí ìpolówó kan,
ogún ìgbà, àrún-àrún.

Mo ṣí fáìlì kékeré tí wọ́n kọ àwọn atọ́nà sí.
Ìlà méjì péré.
Ìlà kejì, ti ilé-iṣẹ́ tó ta dátà fún wa, ara rẹ̀ le koko.
Ìlà kìíní, nọ́ńbà tí mo mọ̀ bí ẹni mọ ìró bàtà:
àpótí tí Adékanbí tò fúnra rẹ̀, tó gbé sórí pẹpẹ yàrá ẹ̀yìn,
tó ní, "Àbúrò, èyí á máa rántí ọ̀nà fún wa."

Oṣù karùn-ún ni alùpùpù gbá a lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́.
Ìyá wa yọ wáyà àpótí náà,
ó fi aṣọ funfun bò ó.
Kò sẹ́ni tó sọ fún kọ̀ǹpútà.

Láti ìgbà náà ló ti ń lọ sẹ́nu yàrá ẹ̀yìn,
ó ń ké àgò, ó ń dúró de ohùn tí yóò ní "àgò yà".
Ó di àrún kó tó yíjú sí ará ìta.
Ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e, á tún padà lọ.
Èmi tí mo ń pè é ní ọ̀lẹ!
Àwo mẹ́ta lèmi náà ṣì ń bu oúnjẹ sí.

Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì ìparẹ́.
Mo gbé e kúrò.
Àmì kan wà, bí igi mẹ́rin tó dábùú ara wọn;
bí o bá fi í síwájú ìlà, ẹ̀rọ á fo ìlà náà,
ènìyàn nìkan ni yóò máa kà á.
Òun ni mo fi dínà níwájú nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi.

Mo pe ilé òkè òkun lórúkọ.
Mo ní kí n kà: e...
ó ti dáhùn.

Lówùúrọ̀, ìyá Ìlárá gba èsì ọmọ rẹ̀ kó tó jókòó.
Ó ní, "Ẹ̀rọ yín ti jí."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ìka mi ni kò sẹ́ni tó tíì sọ fún:
lójú ìwé gbogbo, ó ṣì ń kà dé àrún.