Ta Ló Sọ Ọ́?

Dókítà Odùkálẹ̀ kò tilẹ̀ ṣí gègé pupa.
Ó kàn fi ìka tẹ ojú-ìwé kọkànlá,
níbi tí mo kọ ọ́ sí pé èéfín ni ìyá kejì fún ẹja,
òun ló ń tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú.
Ó ní, "Múínátù, ta ló sọ ọ́?"
Mo ní, "Èmi ni, mà."
Ó yíjú sí fèrèsé bí ẹni ń wo ọ̀sà,
bẹ́ẹ̀ láti Nofọ́rìjà èèyàn kì í rí ọ̀sà.
"Ìwọ tí gbólóhùn rẹ ń tiro ní ojú-ìwé kẹwàá,
ìgbà wo lo lá oyin?"

Mo rántí òru ọjọ́ náà.
Wọ́n ti mú iná lọ ní Ìta-Opò,
bátìrì fóònù mi ń kú lọ,
mo bi ẹ̀rọ onílàákàyè léèrè
ìdí tí àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ fi ń yan ẹja lóru.
Kí n tó pa ẹ̀fọn kan, ó ti fèsì.
Kò húkọ́. Kò ní, "Jẹ́ n rò ó wò."
Ó tún fi ìwé kan tì í lẹ́yìn:
orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n, ọdún, ilé ìtẹ̀wé, gbogbo rẹ̀ pé.
Mo dà á kọ. Mo sùn. Mi ò lálàá.

Ní láíbìrì, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówẹ̀mímọ́ wá ìwé náà
títí eruku fi kún irùngbọ̀n rẹ̀.
Ó ní, "Ọmọ mi, ìwé yìí kò tíì wá sáyé.
Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn náà, ìyá kankan kò tíì bí i."

Ìyá àgbà ń yí ẹja lórí àárò nígbà tí mo ròyìn fún un.
Kò bínú. Ó ní:
"Bí mo bá ra ọ̀bọ̀kún lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ Ejìnrìn,
tí mo ń sọ kiri pé ọkọ mi ló pa á,
ọ̀bọ̀kún ò ní torí ìyẹn má dùn.
Àmọ́ lọ́jọ́ tí inú bá run ẹni tó jẹ ẹ́,
bàbá rẹ àgbà, tó ti kú lọ́dún mẹ́rìnlá,
ni wọn ó wá pè lẹ́jọ́."

Síbẹ̀, ọlọ́kọ̀ Ejìnrìn ní ojúlé.
Èyí tí mo bi léèrè, agbo ilé rẹ̀ dà?
Bí mo bá tún bi í lọ́la, ohùn mìíràn ni yóò fi dáhùn.
Báwo la ṣe ń tọ́ka sí ohun tí kì í dúró?

Mo gbé e padà lọ bá Dókítà.
Ó ní kí n kọ orúkọ ẹ̀rọ, àti ilé iṣẹ́ tó ṣe é,
ọjọ́ tí mo bi í,
ìbéèrè mi gan-an, tòun ti àṣìkọ rẹ̀,
kí n sì fi èsì pamọ́ sẹ́yìn ìwé
kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó lè rí i wò.
"Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Nílé yín,
bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe lójú àgbà, kí ló ń wí?"
Mo ní, "Tótó ó ṣe bí òwe."
Ó ní, "Wàá rí òmíràn pa."
Ó wá ṣí gègé pupa, ó yọ máàkì mẹ́wàá.

Mo fa igi lé ìyá kejì ẹja.
Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.
Mo jókòó ti àárò títí di aago méjì òru,
mo bi ìyá àgbà ní ìbéèrè kan náà.
Ó kọ́kọ́ húkọ́.
Ó ní ìrọ̀lẹ́ lọkọ̀ ń gúnlẹ̀ ní Màrínà,
ẹja kì í dúró de àárọ̀;
oòrùn lókè, iná nísàlẹ̀, ara ta ló gbà á?
Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, mo fi orúkọ rẹ̀ tì í:
Sèlíátù Àjọkẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ̀bá àárò, Àyétòrò.

Lọ́jọ́ tí mo ka ìwé náà sí i létí,
ó ní kí n ka orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí.
Mo ń kà á lọ, ó dá mi dúró.
"Ẹ̀rọ ló ṣáájú mi?"
Mo ní lẹ́tà ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀, Ẹ ṣáájú S.
Ó fi ọpá yí ẹja kan, ọ̀rá kán síná.
"Kó tó dé," ó ní, "ta ló ń yan ẹja?"