Àga Ẹ̀bá Fèrèsé

Nínú ọyẹ́ Òde Rẹ́mọ,
gbogbo wa ń gbọ̀n lórí ìlà
àfi Bísọ́yè, tó wọ súwẹ́tà pupa.
Mo jowú rẹ̀.
Mo jowú ìgò omi orí tábìlì rẹ̀,
bó ṣe ń jáde tọ̀ láì nawọ́,
àga ẹ̀bá fèrèsé
tí oòrùn kọ́kọ́ ń dé.

Tíṣà Ṣónẹ́yẹ̀ ní: "Eegun rẹ̀ ń ké lóru.
Ṣé kí n tún fi òtútù kún un?"

Ọjọ́bọ̀, àga ṣófo.
Ẹtì, ó ṣófo.
Oòrùn nìkan ló jókòó síbẹ̀.

Láàárọ̀ Ajé mo tètè dé,
mo nu eruku àga,
mo rọ omi sínú ìgò tó fi sílẹ̀.
N ò mọ̀ bóyá ó ń bọ̀.