Ìbéèrè Keje

Mo gbé fọ́ọ̀mù ọgọ́fà wá sí Mọ̀pà,
báírò mẹ́ta, bàtà tí eruku ti kùn lósùn.
"Ọ̀kun o," ni mo fi ń kí olúkúlùkù;
wọn a ní, "Ọ̀kun,"
wọn a sì bi mí pé ọmọ ta ni mí
kí n tó rí àyè bi wọ́n ní nǹkan kan.

Iléeṣẹ́ ọṣẹ kan ló dáṣọ fáwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀rùn èṣí.
Ó kọ HÓYÈÈ gàdàgbà sí wọn láyà,
ó kọ ọ́ sára ògiri iléèwé, sára táńkì omi.
Ó fẹ́ kọ ọ́ sára àpáta,
àwọn àgbà ní kó fi àpáta sílẹ̀.
Nísinsìnyí wọ́n rán mi kí n wá wò ó
bóyá owó tí wọ́n gbìn sórí pápá ti so.

Ìbéèrè kìíní: orúkọ ta ló wà lára aṣọ náà?
Ìyá Dúnmádé ní, "Ọmọ mi ló wọ̀ ọ́."
Mo ní, "Mà, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"
Ó ní, "Mẹ́jọ."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: kò rántí.

Ọlọ́runtọ́ba aṣọ́lé wọlé lọ mú tiẹ̀ wá.
HÓ ti bó kúrò, YÈÈ ló kù.
"Ọṣẹ yín náà la fi fọ̀ ọ́," ló wí,
"ẹ̀ẹ̀mẹta péré.
Ẹ sọ fún wọn pé ọṣẹ wọn dáa o,
ó mọ ìdọ̀tí, ó mọ olówó rẹ̀."

Ìbéèrè keje: lẹ́yìn ìdíje, ṣé ọjà wa tà sí i?
Bàbá Ajíbóyè ṣí ìwé gbèsè rẹ̀,
ó tọ́ ìka lá, ó kà á fún mi:
ogójì páálí láàárín oṣù méjì,
nígbà tójò dé, méjì.
Inú mi dùn, mo ti ń fa ìlà sábẹ́ ogójì
kó tó ní, "Dúró ná, ọmọ.
Ìgbà káṣú mà ni.
Káṣú ló ra ọṣẹ,
bọ́ọ̀lù kàn wà níbẹ̀ ni."

Ọjọ́ Sátidé, Ẹ̀gbẹ̀ wá bá wọn gbá a.
Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, Dúnmádé fi orí kàn án,
àwọ̀n mì, gbogbo pápá hó:
Yèè!
Ó tó irinwó ẹnu.
Báírò bọ́ lọ́wọ́ mi.
Ṣé kí n kà á fún yín, ẹ̀yin ọlọ́ṣẹ?
Àbí ariwo yìí ti ń bẹ lórí pápá
kẹ́nikẹ́ni tó ro ọ̀rọ̀ ìfófòó?

Lálẹ́, lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì,
mo ka fọ́ọ̀mù ọgọ́fà, ó pé.
Mo fa ti Ìyá Dúnmádé yọ,
mo pa "kò rántí" rẹ́,
mo kọ ohun tó wí gan-an síbẹ̀:
Mẹ́jọ.